Ṣọ́ọ̀bù tó ń kó kásẹ́ẹ̀tì sínú fíláàṣì ní Mọ́kọ́lá: ẹ ní kí wọ́n má yọ ariwo

Bí ẹ bá ní kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ nílé, tí ẹ sì ń gbé Ìbàdàn, ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Mọ́kọ́lá tó ń bá èèyàn kó ohùn inú rẹ̀ sórí fíláàṣì. 2,000 náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi lórí kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Owó náà kò pọ̀ jù lójú mi, torí iṣẹ́ yìí kò ṣe é kánjú ṣe. Kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan, odindi wákàtí kan ló máa fi kọ kí kọ̀ǹpútà tó gbà á tán. Ẹni tó bá ní òun á ṣe ogún fún yín kí ẹ tó ra ọjà dé, ẹ sá fún un.

Kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi ni mo kó lọ. Télọ̀ ni wọ́n, rédíò wọn kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Wọ́n gba ewì sílẹ̀ látorí rédíò, wọ́n gba ìkómọjáde sílẹ̀, wọ́n sì gba ohùn ìyá wọn sílẹ̀. Èyí tó ká mi lára jù ni ti ìgbéyàwó àǹtí mi ní Ọ̀yọ́ lọ́dún 1986, níbi tí ìyá àgbà ti ń ki ìyàwó, tí àwọn obìnrin ilé ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sí i. Ìyá àgbà ti kú tipẹ́. Kò sí ibòmíràn tí ohùn wọn wà.

Ọmọkùnrin tó ń ṣe é mọṣẹ́, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Tìmùtìmù kékeré tó máa ń ti téèpù mọ́ orí ẹ̀rọ, ìyẹn irin kékeré tó ń ka ohùn lára téèpù, ti já bọ́ nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, ohùn wá ń lọ, ó ń bọ̀. Ó tú àwọn súkúrù tíntìntín ara rẹ̀, ó rọra gbé téèpù náà sínú ike kásẹ́ẹ̀tì mìíràn. Láti ọdún 1963 tí Philips ti gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde, ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà, ìdí nìyẹn tí ike ẹlòmíràn fi gba téèpù bàbá mi. Ó ki òwú bọ sípírítì, ó fi nu orí ẹ̀rọ, ìdọ̀tí pupa rúsúrúsú bá òwú náà jáde. Lẹ́yìn náà ló mú súkúrúdíráfà, ó ń yí súkúrù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀, ó tẹ́tí sílẹ̀. Ohùn tó ti ń dún bíi ti ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ó ní orí rédíò bàbá mi àti ti ẹ̀rọ òun kò dojú kọ téèpù bákan náà, àfi kí òun tún un ṣe kí wọ́n bára mu. Ọkàn mi balẹ̀.

Nígbà tí mo délé tí mo ki fíláàṣì bọ kọ̀ǹpútà, ohùn ìyá àgbà mọ́ gaara. Ariwo “ṣìì” tó máa ń wà lábẹ́ kásẹ́ẹ̀tì ti lọ. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti bá a lọ. Tí ìyá àgbà bá dánu dúró láti mí, gbogbo rẹ̀ á pa lọ́lọ́, àfi bí ẹni pé àwọn nìkan ló wà lágbàlá. Àgbàlá yẹn sì kún! Nínú kásẹ́ẹ̀tì, ẹ ó gbọ́ ọmọ tó ń wúkọ́, ẹ ó gbọ́ abọ́ tó ń kan abọ́, ẹ ó gbọ́ ìyàwó tó ń dáhùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nígbà tí wọ́n pe “Àjọkẹ́”.

Mo padà lọ bá a. Ó ní, “Mọ́mì, ariwo ni mo bá yín yọ. Àwọn kọ́sítọ́mà ò fẹ́ ariwo.” Ó fi hàn mí lójú kọ̀ǹpútà: wọ́n á mú ibi tó jẹ́ “ṣìì” nìkan, wọ́n á ní kí kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n, ohunkóhun tó bá ti jọ ọ́ á sì yọ ọ́ dànù. Ìlẹ̀kẹ̀ tó ń lu ara igbá, ìró rẹ̀ kò jìnnà sí “ṣìì” lójú kọ̀ǹpútà. Mi ò bínú sí ọmọ náà. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ̀rọ tí kò mọ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló ń yan ohun tí àwọn ọmọ wa máa gbọ́. Mo ti gbọ́ àwọn àpàlà kan lórí YouTube tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ inú wọn ń dún, tó tún ń pòórá. Ẹni tí kò bá gbọ́ àwo rẹ̀ rí á rò pé bí wọ́n ṣe lù ú nìyẹn.

Ó tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀, kò yọ nǹkan kan. Lọ́tẹ̀ yìí, WAV, irú fáìlì tí kì í ju ìró kankan nù, ni mo ní kó fi ṣe é. Ó wúwo: wákàtí kan tó 600 MB, nígbà tí MP3 tó kọ́kọ́ ṣe kò tó 60. MP3 máa ń ju ìró tó bá rò pé etí kò ní í mọ̀ nù kó lè kéré, ìyẹn ni mi ò ṣe fẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ló máa wà nílé.

Síbẹ̀, MP3 yẹn náà ni mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Houston lórí WhatsApp. Alẹ́ ọjọ́ náà ló ti fi ohùn dá mi lóhùn, ó ń ki oríkì náà tẹ̀ lé ìyá àgbà, ó ń sunkún. Gbogbo ọdún tí kásẹ́ẹ̀tì fi wà nínú dúrọ́ọ̀ wa, kò gbọ́ ọ rí láti ìgbà tó ti lọ. Ta ni yóò wá ní kí n má kó o sórí fíláàṣì?

Ohun kan ṣì wà tí mi ò lè gbà. Nígbà tí mo ń sanwó, wọ́n bi mí pé, “Ṣé ká bá yín kó kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí dànù?” Rárá o! Bàbá mi fi bírò pupa kọ ọ́ sí ara èyí pé “Ìgbéyàwó Àjọkẹ́, Ọ̀yọ́, 1986. Ẹ má pa á rẹ́ o.” Wọ́n tún ṣẹ́ etí méjèèjì tó wà lórí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè gba nǹkan mìíràn lé e. Lórí fíláàṣì, “Track 01” ló ń jẹ́, ọjọ́ tí wọ́n kó o síbẹ̀ ló sì wà lára rẹ̀. Bí fíláàṣì bá sì kú, kò sí súkúrúdíráfà tó máa jí i.

Tí ẹ bá ń lọ, ẹ kọ orúkọ kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kí wọ́n fi sọ fáìlì, ẹ ya fọ́tò ohun tó wà lára rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n má yọ ariwo, kí ẹ sì gba fíláàṣì méjì. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ẹ má kó àwo lọ bá wọn ṣá, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ àwo wọn ti jẹ, yóò ha á.