Prínńtà tó ń bá mi wá iṣẹ́: oṣù mẹ́sàn-án èmi àti SELPHY CP1300

Lọ́jọ́ tí mo gbé e wọlé, màmá mi yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, wọ́n ní, “Ṣé nǹkan tí kò ju páálí bisikíìtì lọ yìí lo kó owó àjọ oṣù mẹ́fà lé lórí?” Mi ò fèsì. ₦145,000 ni mo rà á ní Computer Village, Ìkẹjà, àlòkù tó ṣì mọ́, wáyà iná rẹ̀ àti àpótí ìwé rẹ̀ pé. Canon ló ṣe é, SELPHY CP1300 lorúkọ rẹ̀. Ọdún 2017 ló jáde, CP1500 sì ti tẹ̀ lé e, nítorí náà kì í ṣe ọmọ tuntun. Kò wúwo tó kílò kan. Bí mo bá kì í sínú báàgì pẹ̀lú kámẹ́rà, kọ́ńdọ́ dáńfó kì í béèrè owó ẹrù lọ́wọ́ mi.

Bàrígà ni mò ń gbé. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ní Ṣómólú ni mo ti kọ́ṣẹ́ fọ́tò. Mo ṣe fìrídọ́ọ̀mù ní 2023, wọ́n gbàdúrà fún mi, a mu mínírà, mo wá jókòó sílé. Gbogbo ohun tí wọ́n ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣe ni mo ṣe. Mo ṣí ojúùwé sórí Instagram. Àárọ̀ ọ̀sán alẹ́ ni mò ń gbé fọ́tò sórí WhatsApp. Àwọn tó ń wò ó pọ̀ o: àwọn ọmọ ìjọ wa, àwọn tá a jọ ṣe sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìbàdàn. Wọ́n á fi iná sí i, wọ́n á fi ọkàn sí i, wọ́n á ní “ọwọ́ ẹ dùn gan-an.” Kò sẹ́ni tó béèrè pé èló ni.

Ohun tí mo wá ṣe kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Ẹni tó bá ti lọ òde l'Ékòó, ìbáà jẹ́ abẹ́ kánópì ní Òkè Pópó tàbí gbọ̀ngán ńlá ní Ṣúrùlérè, mọ àwọn onífọ́tò tó máa ń tẹ́ àwòrán sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pàtẹ ẹ̀fọ́. Wọ́n á yà yín bí ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Kí ẹ tó jẹ ìrẹsì tán, ojú yín ti wà nílẹ̀ níta, ẹ ó sì rà á, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n tẹ ojú òun mọ́lẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ní prínńtà ńlá nínú búùtù ọkọ̀. Èmi ò ní ọkọ̀. Kì í sì í ṣe owó fọ́tò ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni mò ń lé. Mo máa ń fún àwọn kan ní fọ́tò lọ́fẹ̀ẹ́ lóde, kí fọ́tò náà lè bá wọn délé pẹ̀lú nọ́ḿbà mi lẹ́yìn rẹ̀.

Prínńtà yìí kì í lo íǹkì olómi. Rìbọ́ọ̀nù ló ń lò, ooru ló sì fi ń gbé àwọ̀ inú rìbọ́ọ̀nù náà lé ìwé lórí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìwé kan á wọlé tí á tún yọjú: yẹ́lò lákọ̀ọ́kọ́, pupa tẹ̀ lé e, búlúù ìkẹta, ìkẹrin ni ohun tó ń dán tó ń bo gbogbo rẹ̀ kí omi àti ìka má baà bà á jẹ́. Fọ́tò tó ń jáde jẹ́ mìlímítà 100 sí 148, ìwọ̀n 4×6 tí gbogbo wa mọ̀. Canon ní ìwé kan máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 47, èyí tó wà lọ́wọ́ mi kò sì purọ́ mọ́ wọn.

Ẹni tó ń kánjú á bínú sí 47 yẹn. Èmi, inú rẹ̀ ni mo ti ń polówó. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí: mo gbé e ka orí àga oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kúlà, ìwé yọjú, ojú Àlhájà wà lára rẹ̀, yẹ́lò pátápátá. Àwọn tó dúró á bú sẹ́rìn-ín: “Ibà pọ́njú ti mú Àlhájà o!” Ìwé á padà wọlé. Ó tún yọjú, ó ti pọ́n. Àwọn ọmọdé ti dé. Ìgbà tí yóò fi jáde nígbà ìkẹrin tó ń dán yinrinyinrin, èèyàn mẹ́fà ti yí mi ká, méjì ti ń tún gèlè ṣe kí n lè ya àwọn náà, èmi sì ti ń béèrè pé òde tani ó kàn ládùúgbò. Kò sí fọ́tò orí fóònù tó lè kó èrò jọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà rí i pé àyè wà lẹ́yìn rẹ̀, torí ìwé náà máa ń yọ gba ẹ̀yìn pẹ̀lú. Bẹ́ ẹ bá fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, yóò há.

Nọ́ḿbà ẹ̀yìn fọ́tò fìyà jẹ mí kí n tó mọ bí mo ṣe lè fi í síbẹ̀. Òǹtẹ̀ rọ́bà ni mo kọ́kọ́ ṣe, àmọ́ íǹkì rẹ̀ kò tètè gbẹ, ó kun aṣọ lẹ́ẹ̀sì ìyá kan ní Muṣin, ọpẹ́lọpẹ́ pé orí wọn wú lọ́jọ́ náà. Mo bá lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, mo tẹ sítíkà kéékèèké: orúkọ mi, nọ́ḿbà WhatsApp mi, àti “mo ń ya ìkómọ, ìgbéyàwó, ìsìnkú.” Kò ju ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn lọ. Ẹ̀yìn tí fọ́tò bá jáde tán ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́. Àbúrò mi tó ń bá mi gbé báàgì rò pé òun ń ràn mí lọ́wọ́, ó lẹ sítíkà mọ́ ìwé méjìdínlógún kó tó kì wọ́n sínú àpótí. (Méjìdínlógún náà ni àpótí ọ̀hún ń gbà lẹ́ẹ̀kan.) Èyí àkọ́kọ́ há sínú ẹ̀rọ, mo sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fà á jáde bí ẹni ń yọ eegun ẹja lọ́fun ọmọ.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an ni ẹni tí ẹ ó fún ní fọ́tò ọ̀fẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, àwọn olóde ni mò ń fún: ọkọ, ìyàwó, ìyá ìyàwó. Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á gbàdúrà, ó parí. Ìyàwó tó gbéyàwó lónìí, ìgbà wo ló tún fẹ́ gbéyàwó? Ọjọ́ kan ni mo ṣàdédé ya olóúnjẹ, bí wọ́n ṣe dúró lẹ́yìn ìkòkò ìrẹsì ńlá méjì pẹ̀lú ọmọọ̀ṣẹ́ wọn mẹ́rin, èéfín ń yọ, gbogbo wọn wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan náà. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fún wọn. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní láti ọdún mọ́kànlá tí àwọn ti ń dáná òde, kò sí onífọ́tò tó kọjú kámẹ́rà sí àwọn rí, àfi tí wọ́n bá ń gbàwo oúnjẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà wọ́n pè mí: “Ọmọ mi, àwọn kan fẹ́ ṣe ọgọ́ta ọdún ní Yaba, wọn ò tíì rí onífọ́tò.” Olóúnjẹ ń lọ òde ní gbogbo Sátidé. Bẹ́ẹ̀ ni bọ̀dá DJ, bẹ́ẹ̀ ni alága ìjókòó, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń wé gèlè. Àwọn ni olóde máa ń bi pé ta ni wọ́n mọ̀. Láti ìgbà náà, fọ́tò mẹ́wàá ni mo máa ń yọ sọ́tọ̀ fún òde kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà nínú rẹ̀ sì di ti àwọn òṣìṣẹ́ òde.

Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ ọ́ sí. Ẹni tó bá pè mí, kí n tó dárúkọ owó, mo máa ń béèrè pé ta ló júwe mi fún wọn. Iṣẹ́ 14 ni mo ti gbowó lé lórí láti ìgbà tí mo ti ra prínńtà yìí. Mẹ́sàn-án ti ara sítíkà ẹ̀yìn fọ́tò wá, mẹ́ta ti ọ̀dọ̀ ọmọ ìjọ wa, méjì péré ló ti orí WhatsApp wá. Iná àti ọkàn ṣì ń jó lórí fóònù mi o.

Gèlè náà ní ìtàn tirẹ̀. Olóògbé J.D. 'Okhai Ojeikere, onífọ́tò ọmọ Nàìjíríà tó ya irun orí àwọn obìnrin fún ọ̀pọ̀ ọdún láti 1968, ẹ̀yìn orí ló sábà máa ń kọjú kámẹ́rà sí. Ọ̀gá mi ló fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ hàn mí. Nígbà yẹn mo rò pé ohun tí wọ́n ń gbé kọ́ sára ògiri mùsíọ́mù nìkan ni. Ìgbà tí mo gbìyànjú rẹ̀ lára gèlè ní àdúà ọjọ́ mẹ́jọ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo tó mọ̀: obìnrin tó sanwó kí wọ́n fi wákàtí kan wé gèlè fún un kò tíì rí ẹ̀yìn rẹ̀ rí. Bí mo bá fi hàn án, ojú ẹsẹ̀ ló ń yọ owó. Bí mo bá yà á láti iwájú, yóò kọ́kọ́ ní òun sanra jù.

Owó rẹ̀ wá ńkọ́? Ìwé àti rìbọ́ọ̀nù, páálí kan náà ni wọ́n ń bá wá. KP-108IN ni mò ń lò: ìwé 108, rìbọ́ọ̀nù mẹ́ta, rìbọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ń tẹ 36. ₦64,800 ni mo ra èyí tó gbẹ̀yìn, ẹyọ kan já sí ₦600. Bí fọ́tò funfun tàbí ó dúdú, iye kan náà ni, torí ìwọ̀n rìbọ́ọ̀nù kan náà ló ń fà. Mẹ́wàá ọ̀fẹ́ jẹ́ ₦6,000, mo sì ti kì í mọ́ owó iṣẹ́ tí mò ń dá lé olóde. Èyí tó kù, ₦1,500 ni mò ń tà á. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé ó ń pa owó ńlá. Kò pa. Lọ́jọ́ tí kò sí òde, mo fi ń tẹ pásípọ́ọ̀tù fún àwọn ará àdúgbò, ìyẹn ló ń san owó dátà mi.

Ẹ ṣí páálí ìwé wò kí ẹ tó sanwó. Ṣọ́ọ̀bù kan tí mi ò ní dárúkọ ta páálí tí rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ méjì fún mi. Nígbà tí mo padà débẹ̀, ọmọ ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀gá òun rìnrìn-àjò. Ìwé 36 wà nílé mi títí dòní tó ń wò mí lójú, torí kò sí rìbọ́ọ̀nù tí yóò tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòde ìgboro, ẹ ṣọ́ra fún eruku. Ẹ rántí pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìwé ń jáde síta. Mo gbé e sí ibi tí wọ́n ti ń jó fújì lórí iyẹ̀pẹ̀, nínú ọyẹ́, èèyàn tí mo tẹ̀ ní àmì funfun tótótó lójú bí ẹni tí ìgbóná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ lára rẹ̀. Ẹ̀bi mi ni. Ní báyìí mo ń dojú páálí bò ó, mo sì gé ihò síwá sẹ́yìn páálí náà.

Iná pẹ̀lú: bátìrì rẹ̀, lọ́tọ̀ ni wọ́n ń tà á. Canon ní ó ń tẹ tó 54 kó tó kú. Mi ò tíì rà á, jẹnẹrétọ̀ bọ̀dá DJ ni mò ń fi ara mọ́. Òun ni mo ń kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí bí mo bá dé òde, kó tó kan olóde pàápàá, torí wọ́n ti pa jẹ́nì náà mọ́ mi lọ́wọ́ rí nígbà tí ìyá ọkọ wà ní yẹ́lò.

Mo gbé e lọ sí Ìkòyí Registry lẹ́ẹ̀kan. Kò ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n onífọ́tò ti kún ẹnu géètì, kò síbi tí mo lè ki wáyà sí, àwọn tọkọtaya sì ń kánjú. Ẹ kí àwọn ẹ̀gbọ́n wọ̀nyẹn dáadáa bí ẹ bá débẹ̀.

Tí ó bá jẹ́ ilé ni ẹ ti ń ya fọ́tò ọjà tàbí oúnjẹ fún àwọn tó ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má ra prínńtà yìí, ẹ ò nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òde ni iṣẹ́ yín, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀ yín, èmi ì bá tún rà á, bátìrì ni ǹ bá sì kọ́kọ́ rà mọ́ ọn.

Rìbọ́ọ̀nù tó bá ti tán, ẹ má kàn jù ú sí ààtàn. Gbogbo fọ́tò tó tẹ̀ ló ṣì wà lára rẹ̀: ẹ nà án sí oòrùn, ẹ ó rí ojú èèyàn níkọ̀ọ̀kan, ní yẹ́lò, ní pupa, ní búlúù. Mo bá àwọn ọmọ àdúgbò wa tí wọ́n fi ọ̀kan ṣe ìrù káìtì, ojú Àlhájì kan àti obìnrin tí kì í ṣe ìyàwó rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè òrùlé. Sísọ́ọ̀sì ni mo fi ń gé e wẹ́wẹ́ báyìí.