Írẹ́lándì: ibi tí owó mi ti jẹ́ owó, àti ibi tí wọ́n ti kó wa sáré

Bó bá jẹ́ owó ìwọlé ibì kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ yín ní Dublin, ẹ gbé e lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kilmainham. Nínú ètò ìrìn-àjò afẹ́ tí mo sanwó rẹ̀ (n kò ní í dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà), hòtẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, ìrìn yíká ìlú wà níbẹ̀, etí òkun ìwọ̀-oòrùn àti Newgrange, ibojì àtayébáyé kan, náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Kilmainham kò sí. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la fọwọ́ ara wa ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun ló sì wọ̀ wá lọ́kàn jù nínú gbogbo ohun tí a rí.

Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn dá rìn kiri níbẹ̀, afinimọ̀nà ló ń mú yín yíká, tíkẹ́ẹ̀tì sì tètè máa ń tán. Ọdún 1796 ni wọ́n ṣí i, ọdún 1924 ni wọ́n tì í pa. Obìnrin tó mú wa yíká kò pariwo, kò sì dápàárá. Ó ní kí a jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà nínú ọgbà náà, ó ní ibẹ̀ ni Joseph Plunkett ti gbé Grace Gifford níyàwó lálẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 1916. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n yìnbọn pa ọkọ, torí pé ó wà lára àwọn tó dìde ogun sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́sẹ̀ Àjíǹde ọdún yẹn. Láti ibẹ̀ a bọ́ sí àgbàlá tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti máa ń fọ́ òkúta. Ògiri gíga ló yí i ká. Àgbélébùú méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan ní ibi tí wọ́n ti pa mẹ́tàlá nínú àwọn aṣáájú náà, èkejì nítòsí géètì, níbi tí wọ́n ti pa James Connolly, aṣáájú wọn mìíràn. Ọgbẹ́ ìbọn kò jẹ́ kí Connolly lè dìde dúró, wọ́n bá dè é mọ́ àga, wọ́n sì yìnbọn fún un níbi tó jókòó sí. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ará Dublin ló ń bínú sí àwọn tó dìtẹ̀ náà pé wọ́n sọ ìlú di ahoro. Pípa tí wọ́n pa wọ́n ló yí ìlú lọ́kàn padà. Ẹni tí a bí sí ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣàkóso rí kò nílò àlàyé púpọ̀.

Ti ère ìyàn tó wà létí odò Liffey ni wọ́n fi ojú kéré. Rowan Gillespie ló ṣe é: àwọn èèyàn tó ti rù kan egungun ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí ìdí ọkọ̀ ojú omi, ọ̀kan gbé èèyàn kọ́ ọrùn, ajá kan ń tẹ̀ lé wọn. Láàárín 1845 sí 1852 ni àrùn ba pòtétò tí àwọn tálákà ibẹ̀ gbójú lé jẹ́. Bíi mílíọ̀nù kan èèyàn kú, àwọn tó sì fi ìlú sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ṣì ń ti èbúté wọn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fọ́tò la rí yà kí awakọ̀ tó fun fèrè pé ó yá.

Ẹ̀sùn mi gan-an wà lórí ọjọ́ tí a lọ sí Cliffs of Moher, bèbè òkun gíga tó wà ní ìwọ̀-oòrùn. Ó ju wákàtí mẹ́ta lọ láti Dublin. Bọ́ọ̀sì mọ́ tónítóní, afinimọ̀nà sì mọ ìtàn bí ẹni mowó. Nígbà tí a kọjá Portlaoise, ó ní ìlú yẹn ló fi èèyàn dúdú àkọ́kọ́ ṣe méyọ̀ ní Írẹ́lándì, lọ́dún 2007. Ó dárúkọ Rotimi Adebari, àbúrò mi sì là á lóhùn láti ẹ̀yìn pé ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ni, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni pé òun ni wọ́n dìbò fún!

Nígbà tí a dé, kùrukùru ti bo ibẹ̀ pátá. Bèbè òkun tó ga tó 214 mítà, ariwo omi nìkan là ń gbọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń ká kúrò, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí àpáta dúdú náà bó ṣe já sínú òkun ní ìpele ìpele, tí ẹyẹ ń fò nísàlẹ̀ ibi tí mo dúró sí, ni wọ́n ní àkókò ti tó. Kí ló kàn wá ní ìlú Galway tí a ń sáré lọ? Ilé ìtajà ẹ̀bùn. Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n fèsì pé ojú ọjọ́ kò sí lọ́wọ́ wọn. Ta ló bá wọn jà nítorí ojú ọjọ́? Bí mo bá tún lọ, abúlé Doolin ni màá sùn sí, kò jìnnà síbẹ̀, orin ìbílẹ̀ wọn sì pọ̀ níbẹ̀.

Ní ti orin yẹn, àárín oníbàárà ni àwọn olórin máa ń jókòó sí nínú ilé ọtí, wọ́n á yí tábìlì kan ká: gòjé òyìnbó, fèrè kékeré, àti ìlù aláwọ ewúrẹ́ tí wọ́n ń pè ní bodhrán, tí wọ́n ń fi igi kékeré lù. Àbúrò mi ti ń ki ọwọ́ bọ àpò kó lọ fi yúrò lẹ̀ wọ́n níwájú orí; mo di aṣọ rẹ̀ mú. Ẹni tó bá ra ọtí fún yín, ẹ̀yin lẹ máa ra èyí tó kàn, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ẹni tí ti Ìkẹjà ti mọ́ lẹ́nu yóò rí i pé Guinness tiwọn rọ̀ gan-an: 4.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni agbára ọtí inú rẹ̀, tiwa jẹ́ 7.5.

Oúnjẹ àárọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì pọ̀, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ṣe sọ́séèjì dúdú tó wà níbẹ̀, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sì pọ̀ lórí àwo, nítorí náà kí ẹni tí kì í jẹ ẹ́ bèèrè. Búrẹ́dì aláwọ̀ ilẹ̀ wọn pẹ̀lú bọ́tà dára púpọ̀. Ata ni kò sí. Moore Street la ti lọ ra á, níbi tí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà wà; ilé kan ládùúgbò yẹn náà ni àwọn ọmọ ogun 1916 ti pinnu pé àwọn yóò túúbá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní páàsì Nàìjíríà, físà Britain kì í ṣe físà Írẹ́lándì, kódà bí Lọ́ńdọ̀nù lẹ ń gbé. Bákan náà, ìrìn-àjò sí Giant's Causeway (àwọn òpó àpáta etí òkun) tí wọ́n ń polówó ní Dublin, inú Àríwá Írẹ́lándì ló ń kó yín lọ, abẹ́ ìjọba Britain sì ni ibẹ̀ wà. Kò sí ẹni tó máa dá bọ́ọ̀sì dúró ní ààlà kó tó wọlé lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n òfin físà Britain wà níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wa kò sì sọ ọ́.