Iṣẹ́ abẹ kíká ikùn: ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó ń gbé fóònù lóru

Ìdáhùn tí wọ́n fún wa lórí fóònù lóru ọjọ́ tí mo padà dé Òṣogbo ló jẹ́ kí n kọ èyí. Ilé ìwòsàn aládàáni kan l'Ékòó ni wọ́n ti bá mi ká ikùn, ìyẹn àpò tí oúnjẹ ń wọ̀, kó lè kéré, kí n lè fọn. Láti ìrọ̀lẹ́ ni mo ti ń bì. Omi lásán ò dúró, ètè mi gbẹ, òòyì ń kọ́ mi. Ọkọ mi pe nọ́ńbà tí wọ́n ní ká máa pè nígbàkigbà. Ọmọkùnrin tó gbé e wo orúkọ mi nínú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Owó yín ò tíì pé, sà. Tẹ́ ẹ bá ti san ìyókù, dókítà á pè yín." Ọkọ mi ní, "Ìyàwó mi ń bì o!" Ọ̀rọ̀ owó yẹn náà ló tún sọ, ló bá pa fóònù.

Mo sunkún ìbínú. Àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́ síwèé pé ká mú ìyókù wá lọ́jọ́ tá a bá padà wá fún àyẹ̀wò! Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi.

Iṣẹ́ dókítà ò lábùkù. Kò gé nǹkan kan sọnù nínú ikùn mi; etí rẹ̀ tó fẹ̀ ló ká wọnú, ó sì fi òwú rán an, láti ojú ihò kéékèèké tó dá sí mi lára. Ó ti sọ fún mi pé èjìká á máa ro mí nítorí afẹ́fẹ́ tí wọ́n fẹ́ síkùn, pé èébì náà wọ́pọ̀ torí ibi tí wọ́n ká máa ń wú. Àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ bí èébì ṣe máa pọ̀ tó kí n tó sáré lọ sí ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó tọ́jú mi ní wọ́ọ̀dù ló yọ mí. Ó gbọ́ pé a pè, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó fi fi fóònù ara rẹ̀ pè wá. "Àǹtí, ìtọ̀ yín ńkọ́? Báwo ló ṣe rí?" Mo ní ó pọ́n, kò sì ju ìkán bíi mélòó kan lọ. "Ẹ dìde báyìí, ẹ lọ síbi tó bá sún mọ́ yín, kí wọ́n fa omi sí yín lára." Ní ọsibítù tá a sáré lọ ní Òkè-Fìà, nọ́ọ̀sì yẹn fúnra rẹ̀ ló bá dókítà tó gbà mí sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí ara ṣe ń balẹ̀, ó bá mi tún ètò oúnjẹ mi tò, torí yógọ́ọ̀tì àti ọbẹ̀ òyìnbó ló kún inú tilé ìwòsàn. Ó ní kí n fi ṣíbí tíì máa mu omi díẹ̀díẹ̀, kí n mu omi ẹja tí wọ́n sẹ́ dáadáa, lẹ́yìn náà ògì tó ṣàn, kó tó kan mọ́ínmọ́ín rírọ̀. Ó ní àmàlà ṣì jìnnà. Títí dòní ló ń bi mí bóyá mo lo fítámì mi.

Mo ti fọn gan-an. Mo ń rìn láti Ọláìyá dé Ọjà Ọba láìdúró mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe é, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ pe nọ́ńbà òru wọn, kẹ́ ẹ gbọ́ ẹni tó máa gbé e.

Bí mo bá tún un ṣe, ọwọ́ dókítà yẹn náà ni màá ti ṣe é. Àmọ́ nítorí ìdáhùn òru yẹn, ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún ilé ìwòsàn náà.