Kíkì Sky-Tec tí a gbé sí Cessna 172 wa

Ẹni tó bá dàgbà n'Íbàdàn bíi tèmi á mọ ohùn kíkì (ohun tó ń yí ẹ́ńjìnnì kó lè jí) tó ń kú lọ: gùrù, gùrù, kẹ́. Tó bá jẹ́ mọ́tò ni, àwọn ará àdúgbò á tì í, á sì jí. Bàálù kò ṣe é tì. Ohùn yẹn gan-an ni mo gbọ́ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Galveston ní Texas níbí, nínú bàálù kékeré Cessna 172M ọdún 1975 tí èmi àti ọ̀rẹ́ méjì jọ ni. A ti jẹ ẹja tán, ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná, ìyàwó mi ti de bẹ́líìtì. Pùròpélà yí díẹ̀, ó dúró gbọnin. "Bàbá Tóbi, ṣé kò ní jí ni?" Ọkùnrin kan ní kí n jẹ́ kí òun fọwọ́ yí pùròpélà. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ yẹn lè pàdánù apá, ó sì lè pàdánù ẹ̀mí. Galveston la sùn.

Kíkì àtijọ́ tó bá bàálù náà wá ló dá wa lóró. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan fún àtúnṣe. Wọ́n gbowó, wọ́n kùn ún lọ́dà, wọ́n dá a padà pẹ̀lú àìsàn rẹ̀. Inú irú kíkì yẹn, bí mọ́tò oníná inú rẹ̀ ṣe fò yí lójijì ló ń ju bẹ́ńdísì, ìyẹn jíà kékeré rẹ̀, síwájú kó lè kọ́ eyín ńlá, ìyẹn jíà ńlá oníeyín, tó wà lẹ́yìn pùròpélà. Bí òróró àti eruku bá dì mọ́ ọ̀pá rẹ̀, bẹ́ńdísì á lẹ̀ mọ́bẹ̀, mọ́tò á máa yí lásán, ẹ́ńjìnnì kò ní mira.

A wá dá owó jọ, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ra Sky-Tec 149-12LS. Granbury, ní Texas níbí, ni ilé-iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀ kí Hartzell tó rà á. Nígbà tí mo gbé tuntun lọ́wọ́ ọ̀tún, àtijọ́ lọ́wọ́ òsì, ara mi sọ fún mi pé ti àtijọ́ ju ìlọ́po méjì tuntun lọ. Imú bàálù ni ìwúwo yẹn ń gbé tẹ́lẹ̀.

Ohun tó wù mí jù ni bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, sólínọ́ìdì ara rẹ̀ (súwíìsì oníná tó ń ti nǹkan) á kọ́kọ́ ti jíà kékeré wọ inú eyín ńlá náà. Ìgbà tó bá wọlé tán ni iná ńlá ń wọ mọ́tò. Mọ́tò kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ń sáré, jíà inú rẹ̀ ló ń sọ eré náà di agbára. Pùròpélà wa wá ń yí kíákíá, kì í fà mọ́. Pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì gbígbóná, nínú ooru oṣù kẹjọ, ó sábà máa ń jí kí apá pùròpélà tó kọjá lójú mi lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ẹ ka eyín kí ẹ tó rà á o! Ẹ́ńjìnnì Lycoming kan lè ní eyín 122 lára jíà ńlá yẹn, òmíràn 149. Nọ́ńbà ara kíkì náà sọ ọ́ fúnra rẹ̀: eyín 149, fóltì 12. Cessna 172 ti ọdún 1978 síwájú, fóltì 24 ni bátìrì wọn, èyí kò bá wọn mu.

Àléébù rẹ̀? Ó máa ń fa iná gan-an níbẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò fojú fo wáyà tó ti gbó. A pààrọ̀ wáyà bátìrì àti ti ẹ́ẹ̀tì kí ọkàn wa tó balẹ̀. Kò sì fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ta padà rárá. Magneto ẹ́ńjìnnì wa, ohun tó ń ṣe iná tó ń jó epo, ń tanná ní digirí 25 kí písítìnì tó dé òkè. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́jẹ́, iná yẹn yá jù, á ta pùròpélà sẹ́yìn, á fọ́ kíkì. Magneto òsì nìkan ló ní ohun tó ń dá iná dúró díẹ̀ nígbà tí a bá ń jí ẹ́ńjìnnì, kọ́kọ́rọ́ sì gbọ́dọ̀ pa ti ọ̀tún títí á fi jí. Mekáníìkì wa rí i pé tiwa kì í pa á. Ó tún un ṣe lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì fọwọ́ sí ìwé ẹ́ńjìnnì. Òfin FAA, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, kò gbà kí ẹni tó ni bàálù dá irú iṣẹ́ yìí ṣe láìsí mekáníìkì tó ní ìwé àṣẹ.

Ẹ jẹ́ kó máa sinmi. Ìwé Cessna 172S, irú tuntun ti bàálù wa, sọ pé kí a yí i fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí a fi í sílẹ̀ fún 20, ẹ̀ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà kó tutù fún ìṣẹ́jú 10. Ìlànà yẹn la fi ń lo tiwa náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti jí, mo máa ń wo ámítà, aago tó ń fi bí iná ṣe ń ṣàn hàn. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá kọ̀ láti padà sípò, ó lè jẹ́ pé jíà kíkì kò tíì jáde nínú eyín ńlá, mo sì máa pa ẹ́ńjìnnì.

A padà sí Galveston ní Sátidé tó kọjá, a jẹ ẹja wa. Ìyàwó mi kò gbé aṣọ ìsùn dání.