Xmllint: ẹ̀ṣọ́ tí mo fi ń ṣọ́ àmì & nínú fáìlì XML

Bí wọ́n bá ní kí n mú irinṣẹ́ kan ṣoṣo fún iṣẹ́ XML (ọ̀nà ìkọ̀wé tí wọ́n fi ń to ìsọfúnni sínú fáìlì kí kọ̀ǹpútà lè kà á), xmllint, tó ń yẹ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wò bóyá àṣìṣe wà nínú rẹ̀, ni màá mú. Ọ̀fẹ́ ni, òun àti libxml2, àkójọ kóòdù tó ń ka XML, ló jọ ń rìn. Lórí Ubuntu, `sudo apt install libxml2-utils` ló ń gbé e wọlé, lẹ́yìn ìyẹn kò nílò dátà mọ́. Sábó ní Ìkòródù ni mo ti ń ṣiṣẹ́: mò ń to ọjà àwọn oníṣòwò sínú fáìlì tí wọ́n ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àmì & ló ń fa wàhálà jù. Ẹ wo pátákó ìtajà wa bó ṣe pọ̀ tó tó parí sí “& Sons”! XML kò gba & lásán, torí òun ló fi ń bẹ̀rẹ̀ àwọn entity, ìyẹn ọ̀rọ̀ kúkúrú tó dúró fún nǹkan mìíràn, bíi `&lt;`. Tí mo bá tẹ `xmllint --noout oja.xml`, á kọ “xmlParseEntityRef: no name”, á dárúkọ nọ́ńbà ìlà, á sì fi ^ tọ́ka síbi tí ọ̀ràn wà. Bí wọ́n bá lẹ & mọ́ Sons láìfi àyè sílẹ̀, á ní òun ń retí “;”. Fáìlì tó kún fún ọjà rẹpẹtẹ, ta ló fẹ́ fi ojú wá irú ẹ̀?

Àwọn tó mọ HTML, èdè tí wọ́n fi ń kọ ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, máa ń fi `&nbsp;` (àyè tí kì í jẹ́ kí ìlà já) ránṣẹ́ sí mi. Xmllint kì í gbà á: “Entity 'nbsp' not defined”. Márùn-ún péré ni XML mọ̀ fúnra rẹ̀: `&amp;`, `&lt;`, `&gt;`, `&quot;` àti `&apos;`. Èyí tó bá kù, àfi kéèyàn kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sínú DTD (apá tó ń sọ òfin fáìlì náà), tàbí kó lo nọ́ńbà àmì náà. `&#160;` ni mo fi ń rọ́pò `&nbsp;`.

Ní ti Yorùbá, ó dára gan-an. Kò fọwọ́ kan àmì ohùn. Ẹ́ tó wọlé bíi ẹ àti àmì òkè lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ń jáde. Àmọ́ bí ìlà àkọ́kọ́ kò bá sọ pé UTF-8 (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà) ni, tó bá tún fáìlì tẹ̀ jáde, “ẹja” á di `&#x1EB9;ja`. Kọ̀ǹpútà á ṣì kà á sí ẹja, ṣùgbọ́n ojú èèyàn kò lè kà á. `--encode UTF-8` ló ń yanjú ẹ̀.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. `--noent` máa ń tú entity sílẹ̀, ó sì lè wọ fáìlì mìíràn jáde látinú kọ̀ǹpútà yín bí ẹni tó kọ XML náà bá fẹ́ ibi. Mi ò lò ó sí fáìlì àjèjì rárá. `--recover`, tó ń fipá ka fáìlì tó ní àṣìṣe, ló dùn mí jù: á gbé & mì, orúkọ oníṣòwò á sì jáde láìpé. Ìlà tí ^ bá tọ́ka sí ni mo máa ń lọ, màá sì fọwọ́ kọ `&amp;` síbẹ̀.