Ẹ ṣọ́ra o! Speed booster tí mo rà ní Ìkẹjà, gíláàsì pẹlẹbẹ ni wọ́n lẹ̀ sínú rẹ̀

Ẹ̀yin ará mi nídìí iṣẹ́ kámẹ́rà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Àárọ̀ òní ni mo tún rí àwòrán ọjà náà tí wọ́n gbé síta: àdápítọ̀ dúdú kan lórí àtẹ́lẹwọ́, àtàńpàkò tí èékánná rẹ̀ ti dúdú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mọ èékánná yẹn. Ojú mi báyìí ni mo fi wò ó nígbà tí ọmọkùnrin tó tà á fún mi ń fi ìka yẹn tẹ fóònù láti wò bóyá owó mi ti wọlé. 185,000 náírà ni mo san fún un. Ní báyìí ó ti ń pè é ní 170,000, bí ẹni pé ó ń ṣàánú yín.

Fún ẹni tí kò tíì lò ó rí: Panasonic GH5 ni kámẹ́rà mi, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ìyẹn ojú inú tó ń gba ìmọ́lẹ̀, kéré. Lẹ́ǹsì Canon ló sì kún inú àpò mi, torí Canon ni mo fi kọ́ṣẹ́ bíi ti ọ̀pọ̀ wa. Tí ẹ bá fi àdápítọ̀ lásán, ìyẹn òrùka tó ń so lẹ́ǹsì mọ́ kámẹ́rà, gbé lẹ́ǹsì 50mm sórí GH5, àwòrán á fún, á dà bí ẹni pé 100mm lẹ gbé sórí kámẹ́rà full frame tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi. Speed booster yàtọ̀. Ó ní gíláàsì gidi nínú, tó ń kó ìmọ́lẹ̀ tí lẹ́ǹsì ńlá yẹn ń tú jáde jọ kó lè bá sẹ́ńsọ̀ kékeré mu. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ 0.71, ó máa ń sọ 50mm di bíi 35mm tó ń gba ibi tó fẹ̀ jù ú lọ, ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí sẹ́ńsọ̀ á sì tó ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá ti ya òwàǹbẹ̀ alẹ́ rí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Láti 2013 tí Metabones ti gbé tiwọn jáde ni mo ti ń wò ó bí ajá ṣe ń wo ẹran ní ìsọ̀ alápatà. Owó rẹ̀ ni kò jẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo máa rà á, ó jókòó lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù kan nínú ọjà tí gbogbo wa ń lọ ní Ìkẹjà, ó na ẹsẹ̀, ó ń mu píọ́ wọ́tà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀ o, mo ti ń retí yín!" Díẹ̀ ló kù kó dọ̀bálẹ̀. Ó ní mo jọ ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní Ìjẹ̀bú, òun ò lè ta ọjà burúkú fún ẹ̀jẹ̀ ara òun. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ní a kì í fi owó ṣeré, mo dúró sínú oòrùn, mo ń rẹ́rìn-ín fún gbájúẹ̀!

Ẹ má sọ pé n kò dán an wò. Mo dán an wò. Mo gbé GH5 mi lọ, mo gbé 50mm lọ. Mo wo inú rẹ̀, mo rí gíláàsì tó ń dán. Mo so ó mọ́ kámẹ́rà, àwòrán yọ, autofocus ṣiṣẹ́, ó tilẹ̀ yá. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, aláàárù kan ń kígbe "ẹ yàgò lọ́nà", awakọ̀ tí mo ní kó dúró dè mí ń tẹ fèrè léraléra. Nọ́ńbà kan péré, èyí tó ń sọ bí ojú lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó, ló yẹ kí n wò lójú kámẹ́rà. Nọ́ńbà kan! 1.8 ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà lẹ́ǹsì mi gan-an, tó yẹ kó ti wálẹ̀ sí bíi 1.2 tàbí 1.3. Gbangba ló wà, mo ń wò ó, mo sì ń ṣe trànsfà.

Sátidé tó tẹ̀lé e, ìgbéyàwó ni, l'Abẹ́òkúta. Mo ti fọ́nnu fún ọmọ tó ń ràn mí lọ́wọ́ pé lónìí a ò ní tan iná ńlá sójú ẹnikẹ́ni. Tọkọtaya jó wọlé, gbọ̀ngàn ṣú, iná aláwọ̀ àlùkò nìkan ló ń tàn. Mo dúró síbi tí mo mọ̀ pé 35mm á ti gba gbogbo wọn. Gèlè ìyá ìyàwó ò wọlé. Mo fi ẹ̀yìn rìn, ó ṣì gé e. Mo tún fi ẹ̀yìn rìn, mo kọ lu tábìlì àwọn àna, ìgò máltì dà sórí aṣọ òkè màmá kan. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ohun tí màmá yẹn pè mí. Àwòrán dúdú, mo gbé ISO, tó ń mú kí àwòrán mọ́lẹ̀ sí i, dé 6400, ojú ìyàwó wá rí ṣákaṣàka bíi gààrí tí wọn ò jọ̀. Mo dá 60,000 padà fún ẹbí yẹn láìjẹ́ pé wọ́n béèrè, torí ojú tì mí.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo gbé e sábẹ́ gílóòbù. Mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún. Àwòrán gílóòbù tí mo rí lára gíláàsì náà kò ju méjì lọ, wọ́n tóbi bákan náà, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ara wọn. Ojúlówó máa ń ní gíláàsì mẹ́rin tàbí márùn-ún, oríṣiríṣi gílóòbù lẹ máa rí lára rẹ̀, ńlá, kékeré, òmíràn á dorí kodò. Mo gbé e lé orí ìwé ìròyìn, mo rọra ń gbé e sókè. Lẹ́tà ò tóbi, lẹ́tà ò kéré. Mo fi èékánná wá etí rẹ̀, gọ́ọ̀mù gbígbẹ ló yí i po, bí ikun tó gbẹ sí imú ọmọdé. Mo fi ọ̀bẹ yọ ọ́. Gíláàsì pẹlẹbẹ, irú èyí tí a máa ń dé sójú lẹ́ǹsì kó má baà ha! Gbogbo ara yòókù, àdápítọ̀ lásán ni, irú rẹ̀ gan-an sì wà nínú dúróà mi láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí mo ní ni mo lọ rà. 185,000 ni mo fi ra ohun tí mo ní!

Mọ́ńdè, mo padà lọ. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù wò mí bí ẹni wo wèrè. Ó ní ọmọkùnrin yẹn kì í ṣe tiwọn, pé ó kàn wá tọrọ àga ni, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Àga! Ta ló ń jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù yín láti òwúrọ̀ dọ̀sán tí ẹ ò mọ̀ ọ́n? Lójú tèmi, wọ́n jọ ń jẹ ẹ́ ni. N kò ní ẹ̀rí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo rí bí wọ́n ṣe ń wo ara wọn. WhatsApp rẹ̀ ò lọ mọ́. Báńkì ní owó ti kúrò nínú àkáǹtì yẹn kí ilẹ̀ ọjọ́ tí mo san án tó ṣú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ojúkòkòrò ló pa mí. Ó dáa, mo gbà, owó rẹ̀ tó rọjú ló fà mí. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín tí kì í ná ọjà? Ọdún 11 ni mo ti fi ṣe iṣẹ́ yìí, n kì í ṣe ọmọ àná. Láti ọjọ́ náà, bí ọlọ́jà bá ti pè mí ní ẹ̀gbọ́n báyìí, inú á bí mi. Tòkunbọ̀ ni o, tuntun ni o, n kò gba ìkankan nínú wọn gbọ́ mọ́. Ìyàwó mi ní àwọn olóòótọ́ ṣì wà nínú ọjà. Bóyá.

Ẹ gbọ́, kí n má gbàgbé. Ẹ gbé 50mm f/1.8 lọ, ẹ ṣí ojú rẹ̀ tán: ojúlówó tó ń bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀ á fi bíi 1.2 tàbí 1.3 hàn. Tó bá ṣì jẹ́ 1.8, ẹ gbé e padà fún un. Ẹ mú àdápítọ̀ lásán dání, ẹ dúró síbì kan náà, ẹ fi méjèèjì ya ògiri kan. Àwòrán ti speed booster gbọ́dọ̀ gba ibi tó fẹ̀ ju ti àdápítọ̀ lásán lọ. Ẹ ya òpó iná tó jìnnà, kí ẹ wò bóyá ó mọ́. Ẹ má fi EF-S, lẹ́ǹsì Canon tí wọ́n ṣe fún sẹ́ńsọ̀ tó kéré ju full frame lọ, dán an wò o, ẹ̀yìn àwọn kan nínú wọn máa ń kan gíláàsì inú. Kí orúkọ àkáǹtì bá ti ṣọ́ọ̀bù mu. Kí ẹ sì bi aládùúgbò wọn pé ta ló ni àga yẹn.

Gíláàsì náà ti wà lọ́wọ́ ọmọ mi báyìí. Ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé láti fi wo èèrà, ó sì padà wá bá mi pé, "Dádì, kò mú wọn tóbi."