Martin D-18 àbí Gibson J-45: èwo ni ká fi pààrọ̀ èwo?

Ẹni tó bá ń ra gìtá, tó ń tà á, tó tún ń ṣe pàṣípààrọ̀ kiri, kì í pẹ́ kó tó bá àwọn méjì yìí pàdé. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń ṣe méjèèjì: Martin ní Nazareth, Gibson ní Bozeman báyìí. Igi wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, spruce níwájú, mahogany lẹ́yìn, àmọ́ ohùn wọn yàtọ̀.

Okùn D-18 gùn tó ínǹṣì 25.4, ti J-45 jẹ́ 24.75. Ti àkọ́kọ́ le díẹ̀ lábẹ́ ìka, ó sì ń dún ketekete. Ìkejì rọ ìka lọ́rùn, ohùn rẹ̀ rinlẹ̀. Akọrin tó ń ta gìtá fúnra rẹ̀, J-45 ni màá ní kó mú.

Tó bá di àlòkù, ẹ la ojú yín. Ṣáájú 1985, Martin kì í fi irin tó ṣeé yí, èyí tí wọ́n fi ń tún ọrùn tó bá tẹ̀ ṣe, sínú ọrùn gìtá. Bí ọrùn D-18 àtijọ́ bá tẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni. Gibson ti ń lo irin yẹn tipẹ́ kí J-45 tó jáde ní 1942 (àwọn kan tí wọ́n ṣe lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì kò ní in ṣá). Ibi tí J-45 ti ń kán ni ìsàlẹ̀ orí. Ẹ yẹ ẹ̀yìn ibẹ̀ wò níta, nínú oòrùn. Èyí tí wọ́n ti lẹ̀ dáadáa ṣì ń dún, àmọ́ owó rẹ̀ á ti já wálẹ̀ gan-an: ó dára fún ẹni tó fẹ́ lò ó, kò dára fún ẹni tó ṣì fẹ́ fi ṣe pàṣípààrọ̀.